Ìkéde Òfin Ilé-Iṣẹ́ Àdín tí Agogo Rẹ̀ Kọ̀ láti Sùn

Kóńgó! Kóńgó! Kóńgó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìpakùrọ́, ẹ gbọ́! Ẹni tó ń jẹun, kó fi òkèlè dúró lẹ́nu ná. Ẹni tó wà ní ṣáláńgá, kó rọra ṣe é, kó tẹ́tí láti ibẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó fi ìyókù pamọ́ di alẹ́. Kábíyèsí kí i yín. Ó ní òun ti ti ìrìn àjò dé. Ó ní òun mú òfin bọ̀. Òfin tuntun! Òfin òkè òkun! Òfin tó wọ bàálù!

Ẹ mọ ẹni tó ń ké. Ìyá Agogo ni. Adépèlé ni, arúgbó tí eyín rẹ̀ ń dín tí ohùn rẹ̀ kò dín. Ẹ̀yin àlejò tó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kó là á yé yín, kí ẹ má baà sọ pé orí ìyá yìí ti dàrú. Ní Ìpakùrọ́, bí agogo bá wà lọ́wọ́ akéde, kì í pe ara rẹ̀ ní èmi. Ẹnu ìlú ló yá. Akéde kì í sì í ké ìdajì ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi rán an, yóò sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, bó bá mọ̀ ọ́n, yóò sọ ọ́ pẹ̀lú. Bó bá parí, yóò lu agogo, yóò ní, "Agogo sùn," ìlú yóò dáhùn pé, "Ó sùn ire." Ìgbà yẹn lòfin tó dòfin. Bí agogo kò bá tíì sùn, òfin kò tíì jí. Bẹ́ẹ̀ la bá a, bẹ́ẹ̀ la ó fi sílẹ̀.

Ẹ rántí ohun tó fà á. Nígbà òjò àkọ́rọ̀, àwọn obìnrin tó ń pa èkùrọ́ ní ilé-iṣẹ́ àdín Kábíyèsí gbé òkúta wọn sílẹ̀. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọn kò sọ òkò. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n ní oòrùn ń jẹ àwọn lórí, kí Kábíyèsí fi páànù bo ibi iṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti dàgbà nídìí iṣẹ́ máa ṣa èèpo, kó yéé pa èkùrọ́. Wọ́n rán Àwẹ̀ró síwájú pé kó bá àwọn sọ ọ́.

Ẹ mọ Àwẹ̀ró. Àpótí tó jókòó lé nígbà tí Kábíyèsí ṣì ń rá kòrò, òun náà ló ṣì jókòó lé lónìí. Àdín tí wọ́n fi pa Kábíyèsí lára nígbà tó wà ní jòjòló, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí gbogbo ààfin ń sunkún, èkùrọ́ tí Àwẹ̀ró pa ló ti jáde. Iṣẹ́ náà ti tẹ ìka rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Bó bá juwọ́ sí ọ pé ó dàbọ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń pè ọ́ wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti dágbére fún ló ti padà wá bèèrè pé kí ló dé.

Kábíyèsí dá wọn lóhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gba sùúrù. Ó ní òun á lọ wo bí àwọn ìlú tó gbọ́n ṣe ń ṣe é, òun á mú èyí tó dára jù lọ bọ̀. Àwọn obìnrin ní ó dára. Wọ́n padà sídìí òkúta. Kábíyèsí mú Olóyè Ọ̀tún dání. Nítorí pé ọba Ìpakùrọ́ kì í wọ ẹnu ọ̀nà kankan láìjẹ́ pé akéde kọ́kọ́ ké níbẹ̀, wọ́n ní láti mú Ìyá Agogo dání pẹ̀lú. Àṣìṣe wọn nìyẹn! Àwọn ará pápákọ̀ òfurufú yẹ agogo wò síwá sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ bú gbàù. Wọ́n yẹ Ìyá Agogo náà wò. Kò sí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ju ọjọ́ orí lọ. Báyìí ló ṣe wọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tí Kábíyèsí wọ̀, ó rí gbogbo ohun tí Kábíyèsí rí.

Olóyè Ọ̀tún ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ yìí. Gbádégẹṣin, ọmọ Ìpakùrọ́ pátápátá. Ẹ kí i. Kábíyèsí rán an kó wá ṣọ́ bóyá akéde á fo òfin kankan. Akéde kì í fò ó, Olóyè. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ má fi ara kan fìlà wọn, ẹ̀yin ọmọdé, Jámánì ni wọ́n ti rà á.

Kóńgó! Kóńgó!

ÒFIN KÌN-ÍN-NÍ. Láti ọ̀la lọ, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àdín yóò máa fò sókè láfẹ̀mọ́júmọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Wọn yóò gbé apá ọ̀tún. Wọn yóò gbé apá òsì. Wọn yóò tẹ̀ síwájú títí ìka ọwọ́ á fi kan ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orin ilé-iṣẹ́. Orin náà rèé: "Àdín ni ìyá, àdín ni bàbá, Kábíyèsí ni ọ̀pẹ tó so wá." Ẹni tí kò bá fò, yóò yí àgbá àdín yí ọjà ká, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fò tí kò rẹ́rìn-ín, yóò tún un fò. Aláboyún yóò fò díẹ̀. Díẹ̀ ni Kábíyèsí wí! Ó láàánú!

Jàpáànù ni òfin yìí ti wá. Òtítọ́ ni pé wọ́n ń fò níbẹ̀. Ìyá Agogo náà bá wọn fò, ẹ má rò pé ó ta kété. Ìgbà tó tẹ̀ síwájú ni ẹ̀wà tó jẹ ní òwúrọ̀ bá ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wọn tẹrí ba fún un. Ìyá Agogo tẹrí ba padà. Ẹ̀wà tún sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá yẹn bá wà láyé títí di òní, ó ṣì ń rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ìpakùrọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdajì kejì. Bàbá kan wà láàárín àwọn tó ń fò, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ògbufọ̀ ní ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà kì í lé irú wọn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ọ̀wọ̀ wọn ń pọ̀, tí èrè wọn ń pọ̀. Ah! Ẹni tó mọ̀ pé wọn kò ní lé òun títí òun á fi hu ewú, kí ló dé tí kò ní fò? Ìyá Agogo bi Olóyè Ọ̀tún léèrè ibi tí ìdajì yẹn wọlẹ̀ sí. Olóyè ní ẹrù ti pọ̀ jù nínú bàálù.

ÒFIN KEJÌ. Kò sí ọ̀gá mọ́ ní ilé-iṣẹ́ àdín! Bàbá ló wà. Kò sí òṣìṣẹ́ mọ́. Ọmọ ló wà. Ẹbí kan ni gbogbo wa. Nítorí náà, ọmọ kì í ná ọjà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọmọ tó bá bèèrè páànù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọmọ burúkú ni. Ìyà ọmọ burúkú nìyí: yóò kúnlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò pa ojú dé, ìbáà jẹ́ arúgbó tó bí bàbá náà lọ́mọ.

Òfin yìí kò ti ìlú kankan wá. Kábíyèsí sùn nínú bàálù, ó lá a. Ó tún fi òwe tì í lẹ́yìn. Ó ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà, pé òun àti òṣìṣẹ́ òun ni yóò jọ kú. Ìyá Agogo wò ó, wò ó. Èkùrọ́ ń kú lójoojúmọ́ ní ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹ̀wà kò tíì sín. Ó bi wọ́n léèrè pé bó bá jẹ́ ẹbí ni wá, ta ni yóò tọ́jú Àwẹ̀ró bí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ iṣẹ́? Wọ́n ní ẹbí àárọ̀ ni. Ó ń tú ká bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

ÒFIN KẸTA. Àkókò! Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ. Àkùkọ ààfin ni yóò máa pe àkókò iṣẹ́ láti ọ̀la. Bó bá ti kọ, kí gbogbo ọwọ́ ti wà lórí òkúta. Àkùkọ mìíràn kò gbọdọ̀ kọ ṣáájú rẹ̀. Àkùkọ tó bá kọ ṣáájú ti ààfin, ọlọ̀tẹ̀ ni. Ìkòkò ọbẹ̀ ààfin ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ni ín yóò gbé ata lọ bẹ̀bẹ̀. Bí àkùkọ ààfin bá sùn gbàgbé, kò pẹ́. Oòrùn ló yá jù.

Jámánì ni wọ́n ti rí èyí. Òótọ́ ni pé wọn kì í fi àkókò ṣeré níbẹ̀. Olóyè Ọ̀tún pẹ́ níbi tó ti ń ra fìlà, ọkọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì wà. Wọ́n mú wọn wọ yàrá kan tí tábìlì gígùn wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ jókòó sí apá kan. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí apá kejì, gírísì ṣì wà léèékánná wọn. Àga kan náà! Omi kan náà níwájú wọn! Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ẹni tó bá ní nǹkan sọ á nawọ́, wọ́n á sì dúró gbọ́ ọ.

Ìyá Agogo sùn. Kí ló fẹ́ ṣe? Àga yẹn rọ̀. Ìgbà tó ta jí, abíyá ń yún un, ó bá gbé ọwọ́ sókè kó lè họ ọ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ ní wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú ti ìyá yín. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ láti ìgbà tó ti wọlé. Ó bá ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n ṣí i.

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ṣí i! Láti ìgbà tí Ìyá Agogo ti ń fi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ààfin, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè pé kí ni ìwọ rò. Ní ìlú onílùú, abíyá rẹ̀ ṣí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n délé, ó bèèrè lọ́wọ́ Kábíyèsí pé ṣé a kò ní ṣe irú tábìlì yẹn fún àwọn obìnrin èkùrọ́. Kábíyèsí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Adépèlé, kò sí àga ní Ìpakùrọ́ tí èmi àti wọn lè jọ jókòó lé." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. A ó padà bá a.

ÒFIN KẸRIN. Oúnjẹ ọ̀sán! Inú yín dùn. Ẹ rọra. Kábíyèsí ti fọwọ́ sí oúnjẹ ọ̀sán ti Faransé. Ó tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn. Láti ọ̀la, oúnjẹ ọ̀sán yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà láàárín orí, yóò sì parí nígbà tó bá ń wọ̀. Kábíyèsí ni yóò máa jẹ ẹ́. Yóò máa jẹ ẹ́ lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tí ebi bá ń pa lásìkò náà, kò fọkàn tán Kábíyèsí nìyẹn, òun ni yóò fọ àwo.

Ẹ̀ka kejì òfin kẹrin. Ìdáṣẹ́sílẹ̀. Kábíyèsí fọwọ́ sí ìyẹn náà. Ẹni tó bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó lè dá a sílẹ̀. Yóò tọrọ àyè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò dá a sílẹ̀ nígbà òjò. Inú yàrá ara rẹ̀ ni yóò ti ṣe é, lẹ́yìn tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé. Kò gbọdọ̀ pariwo. Ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀. Ẹni tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú gbangba, yóò fi ahọ́n rẹ̀ lá ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ títí yóò fi dán.

Ẹ jẹ́ kí Ìyá Agogo sọ ohun tí wọ́n bá ní Faransé. Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an, ọkọ̀ ojú irin kò rìn. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó. Ọba Ìpakùrọ́ fi ẹsẹ̀ rìn! Olóyè Ọ̀tún ru àpótí! Ẹ wo ọrùn wọn, ó kúrú díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Agogo rò pé àwọn ará ìlú yóò máa fi àwọn awakọ̀ ṣépè. Ó rí ìyá kan tó ru ẹrù bíi tiwọn, òógùn bò ó, ó ní kí ògbufọ̀ bi í léèrè. Ìyá náà ní inú ń bí òun lóòótọ́. Ó ní ṣùgbọ́n bó bá dọ̀la, tí wọ́n bá tẹ ọmọ òun lójú mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ tirẹ̀, òun á fẹ́ kí àwọn awakọ̀ yẹn dúró tì í.

Ìyá Agogo pariwo. Àáró nìyẹn! Wá bá mi ro oko mi lónìí, kí n bá ọ ro tìrẹ lọ́la! Ohun tí àwọn bàbá wa fi kọ́ ilé, tí wọ́n fi gbin iṣu, òun la lọ wò ní Faransé. Òun náà la sì gbàgbé síbẹ̀.

ÒFIN KARÙN-ÚN. Ẹ dákẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bó bá tilẹ̀ pa yín lẹ́rìn-ín. Láti òní lọ, ẹni tí Kábíyèsí bá ní kó lọ, kó lọ. Kò ní bèèrè ìdí. Kò sí ìkìlọ̀. Kò sí kí n palẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde, ọwọ́ ti kúrò. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ parí rẹ̀. Bó bá ti gbé òkúta sókè, kó má sọ ọ́ lé èkùrọ́, kó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e, olè ni. Bí a ti ń mú olè la ó mú un. Ó kan gbogbo ẹni tó ń jẹ lábẹ́ Kábíyèsí, láti ilé-iṣẹ́ títí wọ ààfin. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kábíyèsí ní kí Ìyá Agogo tún ìyẹn wí. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀!

Amẹ́ríkà ni èyí ti wá. Ìyá Agogo rí ọkùnrin kan tí wọ́n lé níṣojú rẹ̀ ní àárọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí, ó gbé òdòdó kékeré kan lé e, ó jáde. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá yín, ó fún un ní gúgúrú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí páálí náà àti òdòdó náà ní ojú fèrèsé ilé-iṣẹ́ kejì, òdìkejì títì. Wọ́n ti gbà á síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ní òun ṣe oríire ni. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, òdìkejì títì wà. Ní Ìpakùrọ́, kí ló wà ní òdìkejì ilé-iṣẹ́ àdín? Ẹ dá a lóhùn. Ààtàn ni. Ààtàn kì í gba òṣìṣẹ́.

ÒFIN KẸFÀ. Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin karùn-ún yóò mú ni Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́, wọ́n ní. Ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ sódì, wọ́n ní. Bí agogo bá ti sùn nírọ̀lẹ́ yìí, Àwẹ̀ró kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́. Kábíyèsí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ gan-an ni. Kò fi nǹkan kan kún ọpẹ́ náà, kó má baà wúwo fún un láti gbé délé.

Ìyá Agogo ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Kò fẹ́ kó jẹ́ inú ọjà ló ti máa gbọ́. Ó bá a lórí àpótí, ó ń pa èkùrọ́ lọ. Ìgbà tó gbọ́ ọ tán, kò gbé òkúta sílẹ̀. Ó ní òun ń rò ó pé kí òun pa títí di ìgbà ọdún, kí òun lè ra aṣọ òkè kan tí wọ́n á fi sin òun, kí àwọn ọmọ má baà yáwó. Ó ní ó dáa náà, aṣọ ìbora tí òun ní kò tíì ya tán. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Ìyá Agogo. Ó ní, "Adépèlé, ké e dáadáa. Ohùn rẹ kì í gbọ̀n. Má jẹ́ kó gbọ̀n lórí mi."

Kò gbọ̀n, Àwẹ̀ró. Ṣé o gbọ́ ọ láti ibi tí o jókòó sí? Kò gbọ̀n.

Kóńgó!

ÒFIN KEJE. Òun ló kẹ́yìn. Ẹnu géètì ààfin ni Olóyè Ọ̀tún ti bá Ìyá Agogo tó ń jáde bọ̀, wọ́n ní ọ̀kan ṣẹ́ kù, wọ́n ní kó fi ṣe àkẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń wúkọ́, tí wọn kò lè wo ojú rẹ̀, ńṣe ni ìyá yín rò pé ẹ̀bùn ni. Ó rò pé Kábíyèsí rí i bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wíwú rìn, ó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún un. Kí Olóyè tó la ẹnu, ó ti ń wá ibi tí yóò máa gbé kẹ̀kẹ́ sí kí ewúrẹ́ má baà yàgbẹ́ sí i. Arúgbó gbọ́n o! Ewú kò ní kí òmùgọ̀ má dàgbà!

Òfin náà rèé. Kábíyèsí ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n ti gbé e kọ́ sórí òpó tó wà lẹ́yìn yín yẹn. Kì í jẹun. Kì í sùn ní ìpàdé. Abíyá rẹ̀ kì í yún un. Nítorí náà, Adépèlé akéde, láti ìgbà tí gbólóhùn yìí bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, Kábíyèsí ní kó lọ. Ẹ má rò pé ìyẹn náà ń dúró de kí agogo sùn. Ọba ló ń fi agogo léni lọ́wọ́, ọba ló lè gbà á nígbàkígbà, ẹnu rẹ̀ nìkan ti tó.

Ó ti jáde.

Ẹ wò ó, agogo ti wà nílẹ̀.

Háà. Ẹ jẹ́ kí n mí. Èmi Adépèlé nìyí. Ó pẹ́ tí mo ti sọ "èmi" lójú ọjà yìí, ó ń ta mí lẹ́nu bí ata.

Olóyè Ọ̀tún ń fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n tètè sọ pé agogo sùn kí n tó máa lọ. Olóyè mi, ẹ̀yin lẹ dúró tì mí tí mo fi ké òfin karùn-ún, ẹ tilẹ̀ ń mi orí sí i. Ẹni tí wọ́n bá ti lé kò gbọdọ̀ parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Bó bá fọwọ́ kan iṣẹ́, olè ni. Bí mo bá sì mú agogo sùn, òfin náà á jí lé mi lórí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ariwo olè lé mi lọ́jọ́ ogbó mi? Pẹ̀lú orúnkún yìí? Ilé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa bá mi.

Ẹ fẹ́ gbé e fúnra yín? Ẹ gbé e, Olóyè. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ yà fún wọn. Ẹ ṣáà rántí pé ẹni tó bá gbé agogo tó wà nílẹ̀, òun ni akéde títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, akéde kì í sì í joyè. Ẹ̀yin náà á máa ké kiri nínú òjò bíi tèmi, fìlà Jámánì á máa mu omi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fa ọwọ́ padà, bí ẹni tó fẹ́ mú àkàrà nínú epo gbígbóná.

Gbohùngbohùn ńkọ́? Ẹ pè é. Iná kò sí. Bí iná bá sì dé, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi gbé agogo?

Kò burú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ bí akéde bá kú sẹ́nu ìkéde. Ọba ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi tí agogo wà. Yóò jókòó láàárín wa. Yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àwa àti òun yóò fi jọ gbà á. Ìgbà yẹn ni òun fúnra rẹ̀ yóò mú agogo sùn. Tábìlì gígùn la kò ní. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìpakùrọ́ náà gùn.

Àwọn obìnrin èkùrọ́ nìyẹn tí wọ́n ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọjà. Wọ́n ru àpótí wọn. Ẹ fún wọn láyè. Ẹ má tẹ agogo mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó yí i ká báyìí, ẹ fi àárín sílẹ̀. Àwẹ̀ró, kí ló dé tí ìwọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Àpótí rẹ dà?

Áà. Mo ti rí i. Ó gbé e sáàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo.

Olóyè Ọ̀tún, ẹ dìde lọ sí ààfin. Ẹ sọ fún Kábíyèsí pé wọ́n ní kò sí àga ní Ìpakùrọ́ tí àwọn àti òṣìṣẹ́ lè jọ jókòó lé. A ti rí ọ̀kan. Kò rọ̀ bíi ti Jámánì. Ìdí Àwẹ̀ró ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dán an, ó ti tó ọba jókòó. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Títí wọ́n á fi dé, òfin ń sùn, agogo kò sùn, Àwẹ̀ró ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí, ẹni tó bá sì ní ẹ̀kọ kó gbé e wá.

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí ọ̀nà ààfin. Kábíyèsí, bí ẹ bá ń wò wá láti ojú fèrèsé, n kò lè sọ fún yín bóyá ó dàbọ̀ ló ń wí. Láti ibi tí mo jókòó sí, ó dà bí ẹni pé ó ń pè yín wá.